Fanzine kì í ṣe "ìwé ìròyìn olólùfẹ́", ìwé àáró ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo rí i níbì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n túmọ̀ fanzine, ìwé kékeré tí àwọn tó fẹ́ràn irú ìtàn kan máa ń tẹ̀ fúnra wọn tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ síra wọn, sí "ìwé ìròyìn olólùfẹ́". Olólùfẹ́ ta ni? Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ọmọge àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn ni mo fẹ́ kà, ìgbà tí mo kà á dé ìlà kẹrin ni mo tó mọ̀ pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń ka ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ìtàn ọkọ̀ tó ń fò lọ sínú òṣùpá, ni wọ́n ń sọ. Ẹlòmíì tún kọ "fánsíìnì", ó to àmì ohùn lé e lórí, ó ní òun ti sọ ọ́ di Yorùbá. Ẹ gbọ́ ná, tí mo bá wọ agbádá fún àgbò iléyá, ṣé àgbò ti di àna mi nìyẹn?

Ìwé àáró ni èmi ń pè é. Màá sọ ìdí ẹ̀, ó sì lè gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka irú ìtàn yìí mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé ní oṣù kẹrin ọdún 1926 ni Hugo Gernsback gbé Amazing Stories jáde ní New York, magasíìnì àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì nìkan ló wà nínú ẹ̀. Gernsback yìí fúnra ẹ̀ ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ dá o, torí scientifiction ló kọ́kọ́ sọ irú ìtàn náà, ó mú ọ̀rọ̀ méjì ó kì wọ́n bọ ara wọn lẹ́nu, ahọ́n ò gbà á, kò sì ju ọdún mélòó kan lọ tí òun náà fi gba science fiction. Torí náà àìsàn yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àmọ́ ó ṣe ohun kan tó dáa, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. Tó bá ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ó máa ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn síbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, òun nìkan ló ń ka irú ìwé yẹn ládùúgbò wọn, àwọn ará ilé ń wò ó bíi pé orí ẹ̀ ti fẹ́ dàrú, ó wá ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó rí i pé ẹnì kan tún wà ní Chicago tí orí tiẹ̀ náà ti dàrú báyìí, àdírẹ́sì ẹ̀ nìyí, iye tí sitáǹpù ń jẹ́ nìyí. Kí ni kò ní jẹ́ kó kọ̀wé? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà síra wọn, kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀dọ̀ Gernsback kọjá mọ́.

Lẹ́tà di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ di ìwé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Science Correspondence Club gbé The Comet jáde, Raymond Palmer ni ẹ̀dìtọ̀, The Comet yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí fanzine àkọ́kọ́. Ní 1932 The Time Traveller jáde ní New York, Julius Schwartz àti Mort Weisinger wà nínú àwọn tó ṣe é. Ní Cleveland, Jerry Siegel àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Joe Shuster ń tẹ tiwọn, Science Fiction ni wọ́n pè é, wọn ò wá orúkọ jìnnà rárá, nínú ẹ̀dà kẹta ní oṣù kìíní 1933 sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Superman. Èèyàn burúkú ni Superman inú ìtàn yẹn o, apárí tó fẹ́ jọba lé gbogbo ayé lórí. Ọdún 1938 ni wọ́n tó mú orúkọ náà padà wá fún èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tó wọ aṣọ búlúù tó da aṣọ pupa sẹ́yìn. Weisinger tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló sì padà wá di ẹ̀dìtọ̀ ìwé Superman fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń yí po?

Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ lọ iléèwé kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, ẹ mọ̀ ọ́n. Sitẹ́ǹsù tí àwọn tíṣà wa fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò náà ni, èyí tí wọ́n á fi tapuráítà gún, wọ́n á wé e mọ́ ìlù mashíìnì, wọ́n á máa yí i, ìǹkì á kun gbogbo ọwọ́ (tíṣà kan wà níléèwé wa tó jẹ́ pé ìka ẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ìdánwò ti dé tán). Ẹni tí kò lówó mashíìnì yẹn á lo hectograph, ìyẹn ni pé á da jẹ́látìn sínú páànù pẹrẹsẹ, á jẹ́ kó dì bí ẹ̀kọ tútù, á fi ìǹkì àwọ̀ elése àlùkò kọ ọ̀rọ̀ sórí pépà, á dojú pépà yẹn bo jẹ́látìn kí ìǹkì wọlé, lẹ́yìn náà á máa tẹ́ pépà funfun sórí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa ṣí i. Tó bá fi máa dé bí àádọ́ta, ìwé yẹn á ti ṣá débi pé èèyàn á máa dijú kan láti kà á. Àádọ́ta ẹ̀dà! Ta ló fẹ́ fìyẹn lówó?

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Ká ní èèyàn márùn-ún ló ní oko, tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Lónìí gbogbo wọn lọ kọ ebè lóko Àkàndé, lọ́la wọ́n á lọ sóko Àlàbí, lọ́túnla ó kan oko tèmi, títí á fi yí gbogbo wa kárí. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tó bá kan oko tèmi tí mi ò rí Àkàndé, ẹ fi èmi àti ẹ̀ sílẹ̀. Fanzine nìyẹn. Mo tẹ tèmi, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ. Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ ẹ kì í ṣe owó, lẹ́tà ni, kó o ka ohun tí mo kọ kó o bá mi jiyàn lórí ẹ̀, màá sì tẹ lẹ́tà ẹ sínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, tàbí kó o yàwòrán fún mi, tàbí kó o fi tìẹ ránṣẹ́ ká jọ ṣe pààrọ̀. Ẹni tó bá gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò fọhùn, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, egoboo, adùn tó máa ń ṣe èèyàn tó bá rí orúkọ ara ẹ̀ nínú ìwé. Èmi kà á sí iyán àti ẹmu oko àáró.

Ní 1937, Donald Wollheim àti John Michel wá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó sọ àáró yìí di òfin, FAPA, ìkékúrú Fantasy Amateur Press Association. Oníkálukú á tẹ ẹ̀dà tó máa kárí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, á kó o ránṣẹ́ sí ẹnì kan, onítọ̀hún á di gbogbo ẹ̀ pọ̀, á wá fi ìdì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ padà sí oníkálukú. Ẹni tí kò bá kọ iye ojú ìwé tí òfin ní kó kọ, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn tí kì í bá ṣe àáró? Ẹ̀ka fanzine mìíràn pọ̀, èyí tó jẹ́ ìròyìn nìkan, èyí tó jẹ́ ìtàn nìkan, èyí tí ẹnì kan ń fi sọ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Èmi ò rí ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ká máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní kí ló dé tí mi ò pè é ní ìwé ọ̀wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀wẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, àwọn èèyàn á wá ṣiṣẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ, bó ṣe tán nìyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ oko àna. Àáró ni gbèsè wà nínú ẹ̀. Ẹlòmíì ní èésú ńkọ́, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ èésú ju àáró lọ. Owó ni èésú, owó gan-an sì ni kò sí níbẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n máa ń kọ sẹ́ńtì díẹ̀ sára ìwé náà, mo gbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí owó sitáǹpù nínú ẹ̀, ẹ wá máa pè é ní ọjà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni "ìwé ìròyìn àwọn ọ̀gbẹ̀rì". Wọ́n rí amateur nínú àlàyé Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe nǹkan torí owó, wọ́n sá lọ mú ọ̀gbẹ̀rì. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì ni? Ẹni tí kò wọ awo ni. Àwọn ọmọ yìí sì ni awo! Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe ará ìta, mundane, bí ẹni ń sọ pé ará ayé lásán, wọ́n sì ń jà bí ọmọ awo ṣe máa ń jà: ní oṣù keje 1939, nígbà tí àwọn tó ń ka ìtàn yìí ṣe ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ wọn ní New York, bí igba èèyàn ló wá, síbẹ̀ wọ́n dá àwọn mẹ́fà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé, Wollheim wà nínú wọn, Frederik Pohl tó padà di òǹkọ̀wé ńlá náà wà níbẹ̀. Ray Bradbury, tí òun náà padà di òǹkọ̀wé ńlá, wà nínú ìpàdé yẹn, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Futuria Fantasia tiẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún yẹn ni, ẹ̀dà mẹ́rin péré ló ṣe. Ní Ìlú Ọba ẹ̀wẹ̀, inú irú ìwé yìí ni Arthur C. Clarke, òǹkọ̀wé ńlá mìíràn, ti kọ́kọ́ tẹ ìtàn tiẹ̀ jáde, 1937. Ẹ wá ń pe irú wọn ní ọ̀gbẹ̀rì.

Àwọn tó ń tú fanzine ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, "ìwé ìròyìn" tibí, "olólùfẹ́" tọ̀hún, ẹ jẹ́ n sọ fún wọn pé ọdún mẹ́wàá gbáko ni nǹkan yìí ti wà nílẹ̀ kó tó jẹ́ orúkọ yẹn. Louis Russell Chauvenet ló dá a ní oṣù kẹwàá 1940 nínú ìwé tiẹ̀, Detours, torí pé ìkékúrú tó wà nílẹ̀ ò dùn létí ẹ̀, bí "fánsíìnì" ò ṣe dùn létí tèmi. Ó gé fan àti magazine, ó so wọ́n pọ̀, ó tán. Ìtumọ̀ nǹkan náà ò sí nínú orúkọ ẹ̀, ẹ yé tú orúkọ wò bí ẹni ń tú tọ́ọ̀ṣì palẹ̀ láti wá iná.

Wọ́n tún bi mí pé kí ni ẹ̀dìtọ̀ ìwé àáró á máa jẹ́. Olóko ni mo pè é, torí ọjọ́ yẹn oko tiẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí i ni alááró. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó kọ ọ́ wá, mo ti ń pọ́n ọkọ́ mi sílẹ̀.