Ẹ sọ ọ́ fún wa kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé

Ìyá kan tó sanra gan-an wá rí mi láti Kubwa l'Ábùjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi yọ òkúta inú òróòro rẹ̀. Mo bi í pé, "Mà, ṣé ẹ máa ń hanrun?" Ó ní rárá o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í ò lè pa á mọ́ra: "Ha, Mọ̀mì! Láti pálọ̀ la ti ń gbọ́ yín. Nígbà míì ẹ tiẹ̀ máa ń dákẹ́ lójijì, ẹ̀rù á bà wá títí ẹ ó fi tún mí."

Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mò ń wá. Èmi ni mo ń fún aláìsàn lóògùn oorun ní tíátà, tí mo sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí yóò fi jí. Nínú gbogbo ohun tí ẹni tó sanra gan-an lè sọ fún mi, kò sí èyí tó ṣe pàtàkì tó ìyẹn. Bí ènìyàn bá sùn, ẹran ọ̀fun a máa dẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti yí ọ̀fun náà ká, ó lè dẹ̀ títí yóò fi dí. Nílé, ara á ta gìrì, èémí á padà. Oorun tí oògùn gbé wá kì í jẹ́ kí ara ta gìrì bọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ìrora líle bíi morphine sì tún ń dá kún un. Bí mo bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, màá dín irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kù, màá lo èyí tó ń mú kí ojú ibi tí wọ́n là nìkan kú tipiri, a ó sì fi nọ́ọ̀sì ṣọ́ ọ mọ́jú. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ọrùn yín nílé. Bó bá ju íńṣì 16 lọ, tí ẹ sì ń hanrun, ẹ má fi pa mọ́.

Ẹ má fi ìwọ̀n yín náà pa mọ́. Ìyá yẹn wọn kílò 105, ó sì ga ní mítà 1.60. Ẹ fi 1.60 sọ 1.60 di púpọ̀, ẹ fi èsì rẹ̀ pín 105, ẹ ó rí 41. Láti 40 sókè la ti ń kà á sí ìsanra tó le. A kò fi ìṣirò yìí dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n kílò yín la sì fi ń wọn oògùn. Cefazolin tí a máa ń fún aláìsàn kí egbò má bàa kẹ̀, gíráàmù 2 ni fún ọ̀pọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n 3 ni fún ẹni tó bá tó kílò 120. Bí ìtìjú bá mú yín yọ kílò ogún kúrò, egbò ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí títí dòní. Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, aláìsàn ti dé ẹnu ọ̀nà tíátà ká tó mọ̀ pé tábìlì wọn kò lè gbé e. A dá a padà sílé pẹ̀lú ebi. Ẹ béèrè ṣáájú: ṣé tábìlì yín gbà mí? Ṣé ẹ ní aṣọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru tó tóbi tó apá mi? Èyí tó bá kéré máa ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru ju bó ṣe rí lọ.

Lórí tábìlì, n kì í tẹ́ ẹni tó sanra gan-an gbalaja. Ikùn á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, atẹ́gùn á tètè tán nínú ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ èjìká àti orí títí ihò etí yóò fi bá egungun àyà dọ́gba, màá sì jẹ́ kó mí ọ́síjìn dáadáa kí n tó gún un lábẹ́rẹ́ oorun.

Bí iṣẹ́ abẹ náà bá lè dúró, ẹ fi àsìkò yẹn kápá ṣúgà, ẹ jáwọ́ nínú sìgá ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ẹ fọn díẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ má dúró fọn rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fùrá àti kúnú bíi tèmi, oúnjẹ ni wọ́n o, wọn kì í ṣe omi. Wákàtí mẹ́fà ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ ti jáwọ́ nínú wọn; súyà àti nǹkan ọlọ́ràá, mẹ́jọ. Omi lásán, ẹ lè mu ún títí di wákàtí méjì ṣáájú. Abẹ́rẹ́ ìfọnra bíi Ozempic ń mú oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, nítorí náà ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń dá ọjọ́. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹbí la máa ń bẹ̀ jù. "Ẹ jẹ́ kí Mọ̀mì sinmi," ni wọ́n ń wí. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó sì lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. A ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún mọ́ ẹsẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú wọn rìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bó tiẹ̀ ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ má sì gbé wọn wọkọ̀ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà. Ìjókòó ojú kan láti Àbújá gba Lọ́kọ́ja kọjá kò dáa fún ẹsẹ̀ yẹn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tàbí àyà ń dunni, tàbí èémí kúrú lójijì, ẹ gbé wọn wá, kódà bó jẹ́ aago méjì òru.