Pálọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tún Ṣe, Kí Ẹ Tó Ra Sípíkà

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi wá jù ní Ìlọrin ni pé sípíkà wo ni wọn yóò rà tí orin yóò fi máa dún nílé bí ẹni pé wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn eré. Pálọ̀ wọn ni èmi máa ń kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé yàrá máa ń ba ohùn jẹ́ ju ẹ̀rọ lọ.

Ohùn tí ó ta bá ògiri tí ó sì padà wá ni ó ń mú gbọ̀ngàn dùn. Ní Symphony Hall ìlú Boston, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1900, tí onímọ̀ físíìsì Wallace Sabine sì bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀, ohùn máa ń lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí ó tó parẹ́ tán. Ó ń padà wá láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkèèrè, lẹ́yìn tí etí ti gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ ketekete. Ti pálọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí ohùn tí ó lọ kan ògiri bá fi mítà 2 péré rìn ju èyí tí ó tọ sípíkà wá lọ, kò ní pẹ́ ju ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí ó tó dé. Etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn méjèèjì yóò sì dà pọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ dàdàkúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú kò ní fẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí pé bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ìlù bá ti wọnú ara wọn, ohun tí ìlù ń sọ ti sọnù nìyẹn.

Ẹ dúró sí àárín pálọ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ró gbìrìrì tẹ̀ lé e, bí ó ti máa ń rí nínú àwọn ilé tuntun tí táìlì, gíláàsì àti ògiri búlọ́ọ̀kù kún inú wọn, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí iwájú sípíkà, kí ẹ sì ta kọ́tìnnì tí ó nípọn sí ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sí àga yín, kí ẹnìkan máa fi dígí rìn lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí ni kí ẹ fi fóòmù tàbí ṣẹ́ẹ̀fù ìwé sí. Ẹ má ṣe bo gbogbo ògiri o, nítorí pé yàrá tí kò dáhùn rárá kò jọ gbọ̀ngàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ti sípíkà wọ kọ̀rọ̀ kí bẹ́ẹ̀sì lè pọ̀. Ní tòótọ́ ó ń pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Ẹ fà á kúrò lára ògiri, kí àlàfo àárín sípíkà méjèèjì sì dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tí ẹ jókòó sí.

Ó ku ti ariwo. Ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn ni ó ń jẹ́ kí a gbọ́ orin tí ó rọlẹ̀, kò sì sí sípíkà tí ó lè ṣe èyí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ lo ínfátà bí ẹ bá ní in. Orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ fi dán gbogbo rẹ̀ wò, kí ẹ tó wá náwó lé sípíkà tuntun.