Kí ló dé tí àwọn tó ń bára wọn díje fi ń fara mọ́ra níbì kan, tí wọ́n ń sá fúnra wọn níbòmíì?

Ọ̀rọ̀ ìdíje yìí jẹ mí lógún gan-an. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wádìí ẹ̀, àwọn tó ń kọ́ nípa òṣèlú wádìí ẹ̀, àwọn tó ń wo ìwà èèyàn àtàwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ nínú igbó náà ò gbẹ́yìn, àmọ́ ohun tí wọ́n rí ò fẹ́ bára mu. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí ẹ̀ rèé.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ṣọ́ọ̀bù méjì tó ń ta nǹkan kan náà fi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?

Ìdáhùn: Harold Hotelling, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1929. Ẹ jẹ́ ká mú títì gígùn kan tó ní ojúlé 1 dé 100. Ẹnì kan ń ta omi tútù ní ojúlé 25, ìkejì wà ní 75, iye kan náà ni wọ́n ń tà á, ẹni tó bá sún mọ́ kálukú ló máa rà lọ́wọ́ ẹ̀. Nǹkan bí ilé 50 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó rìn jìnnà, gbogbo ẹ̀ ń lọ déédéé. Àmọ́ tí ti 25 bá dọ́gbọ́n kẹ́rù lọ sí ojúlé 40, àwọn tó fi sẹ́yìn ò níbòmíì tí wọ́n máa lọ, òun náà ṣì ni wọ́n máa rà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì tún ti já lára kọ́sítọ́mà ẹnìkejì gbà, ilé 57 ti bọ́ sí i lọ́wọ́ báyìí. Ẹnìkejì ò ní wò ó níran, òun náà á sún wọlé, bí wọ́n ṣe máa sún títí nìyẹn tí wọ́n á fi bára wọn ní ojúlé 50 àti 51. Ilé 50 náà ṣì ni kálukú ní o! Kò sẹ́ni tó jèrè kọ́bọ̀ nínú gbogbo wàhálà yẹn, àwọn tó ń gbé ní ìparí títì ló wá ń rin nǹkan bí ìlọ́po méjì ọ̀nà tí wọ́n ń rìn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé ìdíje á ṣe kọ́sítọ́mà láǹfààní.

Ìbéèrè: Ṣé bí ti ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ṣe rí náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá, tìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó ń wá páàtì ọkọ̀ ń lọ Ládípọ̀ torí ó mọ̀ pé tí ò bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, á rí i ní ìkejì, á sì lè béèrè iye ẹ̀ kiri kó tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ló ń fa èrò wá. Iye kọ́sítọ́mà inú àpẹẹrẹ Hotelling ò lè pọ̀ sí i, ti Ládípọ̀ ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè: Òṣèlú ńkọ́?

Ìdáhùn: Hotelling fúnra ẹ̀ ti mẹ́nu ba Republican àti Democrat, páátì méjì tó lágbára jù ní Amẹ́ríkà, kí Anthony Downs, onímọ̀ ọrọ̀ ajé míì, tó wá fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú lọ́dún 1957. Tí páátì bá jẹ́ méjì, àwọn tó wà láàárín ni wọ́n jọ máa wá ojúrere wọn, ni ìlérí wọn bá ń jọra. Ẹ lè ní Amẹ́ríkà òde òní ò rí bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni, torí tí àwọn tó wà ní ìkángun bá bínú jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò, páátì ò lè kàn fi wọ́n sílẹ̀ kó lọ sáàárín. Downs náà rí ìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí ti ẹranko fi yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ibí ló dùn jù fún mi. Gause, ọmọ Rọ́ṣíà, lọ́dún 1934, sin oríṣi paramecium méjì, àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi. Nígbà tó dá kálukú sínú ìgò tiẹ̀, wọ́n ń bí sí i dáadáa, ìgbà tó dà wọ́n pọ̀ tí oúnjẹ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀kan kú tán pátápátá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni oríṣi ẹyẹ warbler márùn-ún tí gbogbo wọn ń jẹ kòkòrò ṣe ń gbé orí igi spruce kan náà ní Maine? Robert MacArthur lọ ṣọ́ wọn, ó pín igi sí apá-apá, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀, ó sì gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1958: ọ̀kan ń jẹun lókè téńté létí ẹ̀ka, òmíì nísàlẹ̀, òmíì nínú igi lọ́hùn-ún. Wọ́n ti pín igi láàárín ara wọn.

Ìbéèrè: Èwo ló wá tọ̀nà, ti Hotelling àbí ti ẹyẹ?

Ìdáhùn: Méjèèjì. Nínú àpẹẹrẹ omi tútù tí mo ṣe lókè, àwọn tó ń tajà ò fi owó ọjà bára wọn jà nígbà tí wọ́n ń sún. Lọ́dún 1979, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, d'Aspremont, Gabszewicz àti Thisse, tún ìṣirò Hotelling ṣe, wọ́n fi hàn pé tí kálukú bá mọ̀ pé àwọn á jọ máa já owó wálẹ̀ tí àwọn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara àwọn, wọ́n lè sá jìnnà síra gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹyẹ yẹn. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n fi ń jà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ìdíje ń jẹ́ kéèyàn tẹra mọ́ṣẹ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Norman Triplett, lọ́dún 1898, ní kí àwọn ọmọdé 40 yí ohun tí wọ́n fi ń ká okùn ìpẹja, lóun nìkan àti pẹ̀lú ẹlòmíì. Ìdajì wọn yára sí i, àmọ́ ọkàn àwọn kan gbóná débi pé iṣẹ́ wọn bàjẹ́. Iye ẹni téèyàn ń bá díje náà wà níbẹ̀ o: Garcia àti Tor, lọ́dún 2009, sọ fún àwọn kan pé àwọn 10 ló jọ ń ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sọ fún àwọn míì pé 100 ni, ìdá 20 nínú 100 ló máa gba ẹ̀bùn níbi méjèèjì, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n sọ fún pé 10 ni ló yára parí. Wọ́n tún rí i pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí nínú SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, máàkì ibẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan míì lè wà nídìí ẹ̀. Ó wù mí kí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbí bẹ JAMB fún dátà wọn, iye ọmọ tó jókòó nínú sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan àti máàkì tí wọ́n gbà, kó fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì ẹ̀.