Ibi tí kì í ṣe àfọwọ́fà: bí àwọn baba Ìjọ ìgbàanì ṣe túmọ̀ rẹ̀

Ìmìtìtì ilẹ̀, ọ̀dá, àjàkálẹ̀ àrùn, ejò tó bu ọmọdé ṣán: kò sẹ́ni tó gbìmọ̀ rẹ̀, ó sì ń pani. Òun ni ibi àdánidá, kí a má baà kó o pọ̀ mọ́ olè jíjà àti ìpànìyàn. Ti olè rọrùn láti ṣàlàyé, ọwọ́ ẹni tó jà á ni ẹ̀bi wà. Bí Ọlọ́run rere ló dá ayé, ta la ó wá dá lẹ́bi ọ̀dá?

Kí Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà, ní Kapadókíà (ilẹ̀ Tọ́kì òde òní), tó dáhùn ní ọ̀rúndún kẹrin, ó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Àìsàn àti òṣì là ń pè ní ibi nítorí pé wọ́n ń dùn wá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ibi délẹ̀délẹ̀, ọwọ́ wa ló sì ti wá. Oníṣègùn tó fi ọ̀bẹ gé ẹran ara tó ti jẹrà kò ṣebi. Ó tún tọ́ka sí hemlock, ewé olóró tó ń pa ènìyàn: ẹyẹ starling ń jẹ ẹ́, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ewé náà kò burú. Àwa ni kò yẹ ká fi í sẹ́nu.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ló wa ọ̀rọ̀ náà jìn jù. Ohun tó ní ibi jẹ́ ni wọ́n ń pè ní privatio boni lédè Látìnì: àìsí ire níbi tó yẹ kí ire wà. Ẹ má fo "níbi tó yẹ" yẹn o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Òkúta kò ríran, kò sẹ́ni tó ń káàánú rẹ̀. Ojú ènìyàn tó fọ́ ni ibi wà lára rẹ̀. Nínú ìwé tó kọ ní nǹkan bí ọdún 421, ó ní bí egbò bá jinná, kì í kó lọ síbòmíràn, ńṣe ni kò sí mọ́, nítorí ìlera tó bàjẹ́ ni, kì í ṣe nǹkan tó dá dúró. Èyí kò sọ pé àìsàn kì í ṣe òótọ́. Ihò ara òrùlé kì í ṣe páànù, òjò sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀kọ́ àwọn Manichaean, ẹ̀sìn kan tí Augustine tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún 9, ló lé e débẹ̀: pé gbòǹgbò méjì ni ayé ní, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Bí ibi bá jẹ́ nǹkan, yálà Ọlọ́run ló dá a, tàbí ẹlòmíràn tó bá Ọlọ́run dọ́gba. Bí kò bá jẹ́ nǹkan, a bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ibi jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìdí tí a fi gbà á láyè. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon (ilẹ̀ Faransé òde òní), ní nǹkan bí ọdún 180, ní bí ọmọ ọwọ́ la ṣe dá ènìyàn: ìyá lè fún un ní oúnjẹ líle, òun ni kò tíì lè gbà á, àfi kó dàgbà díẹ̀díẹ̀. Lactantius, òǹkọ̀wé Kristẹni, ní láìsí ibi, ọgbọ́n tó ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ire kò ní sí. Ìdáhùn yẹn kò kún ọwọ́. Ní Carthage, ní Àríwá Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 252, àjàkálẹ̀ àrùn ń fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì pani, àwọn Kristẹni sì ń ráhùn pé ó ń pa àwọn bó ṣe ń pa abọ̀rìṣà. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù wọn, kò tàn wọ́n: ara kan náà la jọ wọ̀. Bí òjò bá kọ̀, kò yọ oko ẹnì kan sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ àpáta, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló kàn.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti há ni ìyà ọmọ ọwọ́, tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀ kankan fúnra rẹ̀, tí kò sì tíì lè fi ìyà kọ́gbọ́n. Ní 415, Augustine kọ lẹ́tà sí Jerome, ọ̀mọ̀wé Bíbélì, ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó ka àìsàn, ìrora, ebi àti òùngbẹ àwọn ọmọ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò rí èsì fọ̀.