Ta Ló Yẹ Kó Ka Ìbò? Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Ìjọba Nínú Ètò Ìdìbò Nàìjíríà

Ibùdó ìdìbò tó wà ní Nàìjíríà lé ní 176,000. Òṣìṣẹ́ tí INEC, àjọ àpapọ̀ tó ń ṣètò ìdìbò, gbà síṣẹ́ gan-an kò lè kárí wọn, nítorí náà wọ́n máa ń wá èèyàn kún un fún ọjọ́ ìdìbò. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni èèyàn tó mọ̀wé, tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, pọ̀ sí jù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tíṣà tí gómìnà ń sanwó oṣù fún, tó sì lè gbé lọ sí abúlé mìíràn lọ́la, ojú gómìnà ni yóò máa wò.

Ìdí nìyí tí INEC fi gbára lé àwọn àgùnbánirọ̀ láti ìgbà ìdìbò 2011, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega jẹ́ alága. Àlejò ni àgùnbánirọ̀ níbi tó ti ń sìnlú, kì í ṣe gómìnà ló gbà á síṣẹ́. (Ẹ̀mí àwọn kan nínú wọn bá rògbòdìyàn ọdún náà lọ ní Bauchi, owó ọjọ́ kan kò tó irú ewu bẹ́ẹ̀.) Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo tó bá kù.

Tí ìdìbò bá parí, ojú gbogbo èèyàn ni alága ibùdó ti ń ka ìbò. Á kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, á buwọ́ lù ú, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà á buwọ́ lù ú, wọ́n á sì gba ẹ̀dà tiwọn. Láti wọ́ọ̀dù lọ sókè, olùkọ́ yunifásítì ló sábà máa ń ṣe àkójọ èsì. Ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2022, ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ló kéde ẹni tó wọlé sípò gómìnà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í ṣe áńgẹ́lì o: lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Akwa Ibom rán ọ̀kan nínú wọn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí pé ó yí èsì ìdìbò 2019.

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ló burú jù. Àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò rẹ̀, kì í ṣe INEC. Gómìnà ló ń yan alága àjọ náà àti ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún sí méje, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Ẹ wo èsì rẹ̀: lọ́dún 2024, PDP tó jẹ́ ẹgbẹ́ gómìnà gba káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n ní Ọ̀yọ́, lọ́dún 2025, APC tó jẹ́ ẹgbẹ́ gómìnà gba gbogbo ipò alága káńsù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ní Èkó.

Àbá tó ti dé iwájú ilé aṣòfin àpapọ̀ ni pé kí wọ́n gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, kí wọ́n gbé e fún INEC tàbí àjọ àpapọ̀ tuntun. Àmọ́ òfin ilẹ̀ wa ló dá àjọ ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tó lè yí i padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36, ìyẹn àwọn ilé kan náà tó ń fọwọ́ sí àwọn tí gómìnà yàn.