Kí ló dé tí rírìn lọ kíláàsì ò tuni lára tó bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Mo ń fẹsẹ̀ rìn láti họ́stẹ̀ẹ̀lì lọ kíláàsì, mo ń gun àtẹ̀gùn, báàgì ńlá lẹ́yìn mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá dalẹ́ ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, inú mi ò sì dùn. Àmọ́ tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù wákàtí kan péré lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó máa rẹ̀ mí náà o, ṣùgbọ́n ara mi á fúyẹ́. Ṣebí ẹsẹ̀ kan náà ni?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ kan náà ni, àbúrò, ẹ̀dọ̀fóró ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá lẹ́kíṣọ̀ lò ń sáré bá tàbí bọ́ọ̀lù lò ń lé, torí náà má fojú kéré ìrìn yẹn, ó ń ṣara lóore. Orí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìrìn kíláàsì, dandan ni, ìrònú lo sì fi ń rìn ín: tẹ́ẹ̀sì, asáínmẹ́ǹtì, bóyá wàá tiẹ̀ rí ibi jókòó. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ látòkè, tẹ́nì kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹ, ibo lo ti fẹ́ ráyè ronú asáínmẹ́ǹtì? Ìsinmi nìyẹn, bí òógùn tiẹ̀ ń já.

Edward Deci àti Richard Ryan, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan mẹ́ta lọkàn èèyàn ń wá: kó fúnra ẹ̀ yan ohun tó ń ṣe, kó rí i pé òun ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, kó sì láwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìbéèrè: Ká ní wọ́n ń fún wa ní máàkì torí ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lè ba adùn ẹ̀ jẹ́ o. Nínú ìwádìí tí Deci gbé jáde ní 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń to eré àtòpọ̀ kan, ó wá sanwó fún apá kan nínú wọn, ìgbà tówó dúró, àwọn tó gbowó ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ tọ́wọ́ wọn bá dilẹ̀. Aago tó ń ka ìṣísẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì, á máa rìn yíká bẹ́ẹ̀dì lóru kí nọ́ńbà ṣáà lè pé. Ṣé fàájì nìyẹn?

Ìbéèrè: Ṣé endorphin, èròjà tí wọ́n ní ara ń tú jáde téèyàn bá ń ṣeré ìdárayá, kọ́ ló ń múnú ẹni dùn ni?

Ìdáhùn: Ara ń tú u jáde lóòótọ́, àmọ́ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọnú ọpọlọ. Endocannabinoid, èròjà mìíì tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, ló jọ pé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Ìdánwò ń bọ̀, ṣé kí n pa á tì?

Ìdáhùn: Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń gé nìyẹn, mi ò sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó ti ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tí ò wọlé, kó dìde. Gé e kù, má gé e tán. Ìtọ́sọ́nà 2020 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí 75 sí 150 tó bá jẹ́ èyí tó le, wọ́n sì ti yọ ti àtijọ́ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kó tó kà.

Ìbéèrè: Rúùmeètì mi ti sorí kọ́ láti bí oṣù kan, ṣé kí n wọ́ ọ lọ sí pápá?

Ìdáhùn: Rọra. Òótọ́ ni pé eré ìdárayá máa ń dín ìsoríkọ́ kù, àmọ́ ẹni tínú ẹ̀ bà jẹ́ náà kì í fẹ́ jáde, torí ẹ̀ ni kò fi yẹ ká máa rò pé àìṣeré ló kó bá gbogbo ẹni tó jókòó sílé. Tí ò bá jẹun, tí ò sùn, ọ̀dọ̀ dókítà tàbí olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé ni kẹ́ ẹ jọ kọ́kọ́ lọ. O lè ní kó bá ẹ rìn jáde díẹ̀, tó bá kọ̀, fi í sílẹ̀ kó o tún bi í lọ́la.