Ṣé ìgbìmọ̀ ìlú lè fi òfin pàṣẹ ọ̀wọ̀ fún ará ìlú?

Ìbéèrè: Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀?

Ní Southborough, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú náà ń ṣèpàdé, obìnrin kan sì dìde láti sọ tẹnu rẹ̀. Páálí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: ojú kan ní kí wọ́n yéé náwó, ojú kejì ní kí wọ́n yéé rú òfin tó ní kí ìpàdé ìjọba máa wáyé ní gbangba. Alága ìpàdé náà kìlọ̀ fún un pé bí ó bá fẹ́ ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlú lórúkọ jẹ́, òun yóò dá ọ̀rọ̀ dúró. Inú bí obìnrin náà, ó sì pe alága ní Hitler. Alága dá ìpàdé dúró lójú ẹsẹ̀, ó pariwo mọ́ ọn léraléra pé ìríra ni, ó sì ní wọn yóò mú un jáde.

Ìbéèrè: Òfin wo ni alága gbára lé?

Ìlú náà ní ìlànà kan nígbà náà tó sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé gbọ́dọ̀ kún fún ọ̀wọ̀, láìsí ìsọkúsọ, láìsí ọ̀rọ̀ tó kan ẹnikẹ́ni lára. Téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pinnu pé ọ̀rọ̀ báyìí jẹ́ àrífín? Ẹni tí wọ́n ń bá wí gan-an ni! Ẹni tó bá yin alága yóò sọ̀rọ̀ tán láìsí ìdíwọ́, ẹni tó bá sì tú àṣìṣe rẹ̀ síta yóò gbọ́ pé òun kò mọ ìwà hù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé ìlànà yìí, nítorí pé ó tako ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1780, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti pé jọ ní àlàáfíà, kí wọ́n gbìmọ̀ lórí ire gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún àwọn aláṣẹ. Àwọn tó kọ òfin yẹn ń bá ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jagun lọ́wọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ sí ọba náà korò.

Ìbéèrè: Ṣé kí ẹnikẹ́ni kàn wá da ìpàdé rú nìyẹn?

Rárá. Ìgbìmọ̀ lè fi gbèdéke sí ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù yóò fi sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè mú ẹni tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ jáde.

Ìbéèrè: Ṣé èyí kò lòdì sí àṣà àwa Yorùbá?

Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé tí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, tí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ bá pé nígbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde sí ojú ọjà, yóò sì fi orin tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ ẹni tó lágbára lójú gbogbo ènìyàn, láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Òkèbàdàn, olówó àti olóyè máa ń gbọ́ orin tí ẹnikẹ́ni kò tó kọ sí wọn létí lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò tú ká.

Ìbéèrè: Ìṣọ̀kan ìlú wá ńkọ́?

Pípe ènìyàn ní Hitler burú, èmi kò sì ní gba ọmọ mi nímọ̀ràn pé kó sọ ọ́. Àmọ́ ìlú tí gbogbo ẹnu ti dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù kò tíì ṣọ̀kan. Ìkùnsínú ló ń kó jọ. Ní gbogbo ìgbà tí alága ń pariwo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ nípa owó ìlú ṣì wà lára páálí lọ́wọ́ obìnrin náà.